Láàárín Ọ́fíìsì Méjì

Ní ọdún tó kọjá, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kó owó ọjà àbúrò màmá mi lọ. Ilé-ìfowópamọ́ ní kí a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá ní kí a padà sí ilé-ìfowópamọ́. Kí a tó lọ, kí a tó bọ̀, owó ti kúrò nínú àkáǹtì tó kọ́kọ́ bọ́ sí. Àǹtí bi mí pé, “Ọmọ mi, ta gan-an ló ni ọ̀rọ̀ yìí?”

Mo lọ wo òfin. Òfin ọdún 2015 tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ìṣọ̀kan iṣẹ́ àwọn agbófinró lé ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò lọ́wọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a máa yọ kọ́bọ̀ 50 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan tí a bá fi ránṣẹ́, fún owó ààbò yìí. Ariwo ta, wọ́n sì fà á sẹ́yìn.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àárín ọ́fíìsì méjì ni tiwa ti lanu. Kí ìjọba tó tún béèrè owó, kí ó kọ́kọ́ fún wa ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí a óò kàn, níbi tí wọn yóò ti lè dá owó dúró lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ó tó dìgbà náà, ẹ kọ nọ́ńbà ilé-ìfowópamọ́ yín sínú ìwé, kí ẹ fún ìyá yín. Àǹtí ti lẹ tirẹ̀ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù.