Ọmọbìnrin Èjìgbò tó fẹ́ ará Àbíjàn: Kí ni ọkọ rẹ̀ ṣe fún òfin?

Ẹni tó bá dé ìlú Èjìgbò rí yóò ti gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn ọmọ ìlú náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Àbíjàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn bímọ sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn mìíràn ti rí ọkọ tàbí aya. Àárín ọkọ àti ìyàwó lè gún, ọ̀rọ̀ ìwé ni wàhálà.

Bí ọmọkùnrin Èjìgbò bá gbé ọmọ Ivory Coast níyàwó, abala 26 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ìyàwó náà láyè láti forúkọ sílẹ̀ kó lè di ọmọ Nàìjíríà. Bó bá wá jẹ́ àbúrò ọmọkùnrin yìí lóbìnrin ló fẹ́ ará Ivory Coast ńkọ́? Abala náà kò dárúkọ ọkọ rárá. Abala 27 ló kù fún un, èyí tó ń béèrè pé kéèyàn ti gbé Nàìjíríà fún ọdún 15. Ọkùnrin tó fẹ́ ọmọ Masifa, tó ń sọ Yorùbá, tó ń bá àna rẹ̀ ṣe ìnáwó, àjèjì ṣì ni lójú ìwé.

Àwọn kan á ní ECOWAS ti yanjú rẹ̀. Òótọ́ ni pé àdéhùn ọdún 1979 gbà á láyè láti wọlé láìgba físà fún 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń fẹ́ ìyàwó fún 90 ọjọ́? Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ivory Coast ní 2002, àti nígbà rògbòdìyàn ìbò 2010 sí 2011, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sá padà wá sí Èjìgbò. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni ìwé máa ń já sí ọ̀rọ̀ ńlá.

Èyí tó tún yani lẹ́nu ni ti àwọn ọmọ. Abala 25 gbà pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni, bí wọ́n tilẹ̀ bí i sí Àbíjàn. Ìyá lè fi ìlú rẹ̀ fún ọmọ, kò lè fi fún bàbá ọmọ. Ọgbọ́n wo ló wà níbẹ̀?

Ivory Coast, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń fojú àjèjì rí màbo, ti tún tirẹ̀ ṣe. Obìnrin àjèjì nìkan ni òfin wọn ń fún láyè yìí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, wọ́n fi ọkùnrin kún un. Ní Àbújá, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2022, ṣe ni àwọn aṣòfin fi ìbò da irú àbá bẹ́ẹ̀ nù. Àwọn obìnrin lọ ṣe ìwọ́de lẹ́nu ọ̀nà wọn, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin sì ní àwọn yóò tún un gbé yẹ̀wò. Abala 26 ò yí padà.

Àwọn ìdílé náà ní tiwọn láti ṣe. Láti 1964 ni òfin Ivory Coast ti sọ, ti 2019 sì tún un sọ, pé ìgbéyàwó tí wọ́n bá ṣe níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni òfin mọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ìdána tàbí so yìgì ní Àbíjàn láìdé ọ́fíìsì mérì kò ní ìwé kankan tó lè fi hàn. Òfin kan náà kò gba ìyàwó méjì. Àwọn tó ní ọ̀kan ní Èjìgbò, ọ̀kan ní Àbíjàn, mọ ìdí tí wọn kì í fi í ya ọ̀dọ̀ mérì.

Ẹnì kan ń ṣojú Èjìgbò, Ẹdẹ àti Ẹgbẹ́dọ̀rẹ̀ nílé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Ó yẹ kí àwọn òbí tó lọ́mọbìnrin ní Àbíjàn bi í léèrè ibi tí yóò dìbò sí nígbà tí àbá náà bá tún dé iwájú ilé.