Ẹ Má Dá Ọmọ Lẹ́bi, Ẹ Ka Ohun Tí Ẹ̀rọ Kọ



Nígbà tí ẹ̀rọ bá dákú ní iléeṣẹ́, ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ní kúérì? Ẹni tó dúró tì í ni. Wọn kì í wo bẹ́líìtì, wọn kì í bèèrè ọjọ́ tí wọ́n fi gírísì sí i kẹ́yìn. "Kí lo ṣe sí i?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí í jáde lẹ́nu ọ̀gá. Ẹ̀yin awakọ̀ náà mọ̀ ọ́n: bíréèkì tó ti gbó tipẹ́ á já lójú títì, wọ́n á ní awakọ̀ ló sáré jù. Àìmọye ìgbà ni ẹ̀ka wa ti bá àwọn agbanisíṣẹ́ fà á lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó mú mi dá a sílẹ̀ lónìí ni pé èmi tí mo máa ń dìde ní ìpàdé láti tako irú ìwà bẹ́ẹ̀, mo hù ú nínú ilé ara mi. Kọ̀ǹpútà ló fà á.

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan wà nílé wa, irú èyí tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì. Orí rẹ̀ ni mo ti ń ṣe ìwé owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ẹ̀ka wa: ẹni tó dáwó, ẹni tó yáwó, iye tó kù lọ́rùn oníkálukú. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń ro owó pọ̀, ojú rẹ̀ ṣàdédé di búlúù láti òkè délẹ̀. Àwòrán ojú tó fajú ro wà lókè, òyìnbó díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí n tó wá awò ojú mi, ó ti pa, ó sì tún tan ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é láàárín wákàtí méjì. Nígbà mìíràn ọmọ mi ló wà nídìí rẹ̀, nígbà mìíràn kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án rárá. Àìlákòókò yìí ló ń da orí ènìyàn rú. Bó bá jẹ́ pé nǹkan kan pàtó la máa ń ṣí tó fi ń kú ni, a ò bá ti mọ ibi tí a ó kọjú sí.

Mo gbá ọmọ mú. Mo ní ó ti kó géèmù sínú rẹ̀. Ó búra, n kò gbọ́. Mo ní kò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ iléèwé rẹ̀ ló sì fara gbá a. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà, ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, kọ̀ǹpútà ń kú nìṣó.

Mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, òun yóò fọ́máàtì rẹ̀, èyí ni pé yóò nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, yóò sì fi Windows mìíràn sí i. Mo sanwó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti da ìwé owó ẹgbẹ́ kọ sórí fláàṣì, kí ni ǹ bá wí fún yín lópin oṣù? Ọjọ́ kẹrin tí mo gbé e délé, ojú rẹ̀ tún di búlúù.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá nu kọ̀ǹpútà nù kó tó ka ohun tí ẹ̀rọ kọ, kò yàtọ̀ sí mẹkáníìkì tó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ kò siná, tí kò sì wo orí bátìrì. Ojú búlúù kì í ṣe èébú, kì í sì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Ìwé ẹ̀sùn ni. Ohun kan ti bàjẹ́ ní inú lọ́hùn-ún tí Windows ti ń ṣàkóso gbogbo iṣẹ́, ó wá dá ara rẹ̀ dúró kó má baà ba ìwé onílé jẹ́, bí fíúsì ṣe ń já kí ilé má baà jó. Kó tó pa, ó kọ orúkọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Ẹ fi fóònù ya á. Nínú àwọn ẹ̀rọ tó ti gba àtúnṣe Windows 11 ti ọdún 2025, ojú náà ti di dúdú, wọ́n sì ti yọ àwòrán ojú tó fajú ro kúrò, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀sùn ṣì wà níbẹ̀.

MEMORY_MANAGEMENT ní kí ẹ kọ́kọ́ wo RAM. WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR ní ẹ̀yà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló fẹjọ́ sùn, ẹ wo ooru, ẹ wo agbára iná tó ń wọ̀ ọ́, ẹ wo ọpọlọ ẹ̀rọ. KERNEL_DATA_INPAGE_ERROR sábà máa ń tọ́ka sí dísìkì tàbí wáyà rẹ̀. IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL sábà máa ń jẹ́ ẹjọ́ driver (kì í ṣe awakọ̀ bíi tiwa o, ètò kékeré tó ń mú kí Windows bá ẹ̀yà ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀), ṣùgbọ́n RAM tó bàjẹ́ náà lè fà á. Bí orúkọ bá ń yí padà, tó jẹ́ ọ̀kan lónìí, òmíràn lọ́la, ẹ̀rí nìyẹn fúnra rẹ̀: ẹ fura sí RAM tàbí iná.

Ẹni tí kò bá rí orúkọ kà kó tó pa, kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí C:\Windows\Minidump. Ọ̀fẹ́ ni ètò BlueScreenView tó ń kà á. Ẹ kíyè sí i pé fọ́máàtì tí mo sanwó fún ti pa gbogbo ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ rẹ́. Àwọn kan yóò tún rí "Kernel-Power 41" nínú Event Viewer, wọ́n á ní páwà ti bàjẹ́. Kì í ṣe ohun tó wí nìyẹn. Ohun tó wí ni pé ẹ̀rọ pa láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ti yẹ, bí ìgbà tí ẹni tó ń ṣọ́ géètì kọ ọ́ pé ẹnì kan jáde láìfọwọ́síwèé. Kò mọ ohun tó lé e jáde.

Nígbà tí orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti wà nínú fóònù mi, mo kọjú sí RAM. RAM ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé, bí aránṣọ ṣe ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì kó tó gé e. Méjì ló wà nínú tèmi. Mo fi MemTest86, tí òun náà ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́, sórí fláàṣì, mo fi ìnfátà gbé e, mo sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ilẹ̀ mọ́, àṣìṣe kún ojú rẹ̀. Mo pa á, mo yọ wáyà iná rẹ̀, mo yọ pátákó kan, mo tún un dán wò: kò sí àṣìṣe. Mo yọ ìyẹn, mo fi èkejì síbẹ̀: kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àṣìṣe fi bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, bí a ṣe ń yọ púlọ́ọ̀gì wò. Ẹni tó bá pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta pọ̀ kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi, yóò sì san owó mẹ́ta.

Ìdí tí kò fi lákòókò wá yé mi. Ibi kékeré kan ló bàjẹ́ láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye. Bí ẹ̀rọ bá gbé àwòrán lé ibẹ̀, bóyá àmì kan ni yóò yí àwọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Bó bá gbé ọ̀rọ̀ àkóso ara rẹ̀ lé e, ó kú. Bó bá sì jẹ́ owó ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló gbé lé e ńkọ́? Ìbẹ̀rù yìí kò jẹ́ kí n sùn. Òru mẹ́ta ni mo fi tò gbogbo ìwé náà mọ́ rìsíìtì ọwọ́ wa. Kò sí owó tó yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní kí a máa jó rìsíìtì bébà níná nítorí pé kọ̀ǹpútà ti dé, ẹ gbọ́ o.

Ẹ má sì rò pé tòkunbọ̀ nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ra ọpọlọ ẹ̀rọ Intel ìran 13 àti 14 ní tuntun pariwo fún oṣù púpọ̀ pé ẹ̀rọ àwọn ń kú láìnídìí, wọ́n ní kí wọ́n lọ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Ní July 2024 ni Intel jẹ́wọ́ pé ìlànà inú ọpọlọ náà ń béèrè iná tó pọ̀ jù. Wọ́n gbé àtúnṣe jáde ní August, wọ́n sì fi ọdún méjì kún ìdánilójú wọn, nítorí àtúnṣe kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Nínú July yẹn kan náà, lọ́jọ́ 19, àtúnṣe kan láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, tí ń ta ètò ààbò kọ̀ǹpútà, sọ ẹ̀rọ bíi mílíọ̀nù 8.5 di ojú búlúù káàkiri ayé. Ọkọ̀ òfuurufú dúró sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ kan ń fi ọwọ́ kọ ìwé ìwọkọ̀. Àwọn tó jókòó sẹ́nu kàǹtà ni èrò ń bú, kì í ṣe ẹni tó gbé àtúnṣe náà jáde.

Mo ti bẹ ọmọ mi. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ó bi mí bóyá mo máa san ọ̀sẹ̀ méjì náà padà.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, mo fẹ́ dá a lábàá pé kí akápò má ṣe sanwó àtúnṣe kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ẹ̀ka wa fún ẹnikẹ́ni mọ́, àfi tó bá kọ orúkọ ẹ̀sùn tó rí àti ẹ̀yà tó dán wò sílẹ̀, kó sì da ìwé wa kọ sí ibòmíràn kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fláàṣì MemTest86 náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tó bá yá a kó dá a padà o.