Ẹ bi wá kẹ́ ẹ tó ya máàpù

1/ Ìpàdé tí ìjọba bá pè lẹ́yìn tí wọ́n ti ya máàpù tán kì í ṣe ìpàdé. Ìkéde ni. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ yín rèé.

2/ A ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Tẹ́ǹtì, àga, omi inú ọ̀rá. Àwọn bàbá jókòó níwájú. Ẹnì kan ń fi òyìnbó ṣàlàyé master plan. "Ẹ ní ìbéèrè?" Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó parí. Àwọn ìyá tó ń ta ẹja ní Olúwo ńkọ́? Ọjà ni wọ́n wà. Àgbẹ̀ tí ọ̀nà máa gba àárín oko rẹ̀ ńkọ́? Kò tiẹ̀ gbọ́.

3/ Kí ló dé tó fi ká mi lára? Land Use Act ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Tí ìjọba bá gbà á fún ìlò ará ìlú, owó ilé àti ohun ọ̀gbìn tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n máa san. Ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa kà á. Torí náà, kí wọ́n tó fa ìlà lẹnu wa lágbára. Tí wọ́n bá ti fà á tán, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

4/ Ẹnì kan máa ní, "Ṣé ẹ ò fẹ́ ìdàgbàsókè ni?" A fẹ́ ẹ gan-an! Ẹ wo ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́tà, ní Ìkòròdú wa níbí. Oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n ṣí i, ó lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ó dáa. Àmọ́ ìpínlẹ̀ míì la ti ń wá ìrẹsì tó máa lọ̀. Àgbẹ̀ kan ṣoṣo ì bá ti béèrè pé: "Tí ilẹ̀ oko bá ń di ẹ̀sítéètì lójoojúmọ́, ibo la máa gbin ìrẹsì sí?"

5/ A ò tọrọ ojúure o. Òfin EIA ti 1992 sọ pé kí wọ́n tó fọwọ́ sí iṣẹ́ tó kàn án, ará ìlú gbọ́dọ̀ láǹfààní láti sọ tẹnu wọn.

6/ Ohun tá a fẹ́ ò ju mẹ́ta lọ. Ẹ kọ ètò náà ní Yorùbá, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà, gáréèjì àti ẹnu jẹ́ẹ̀tì. Ẹ pe ìpàdé lásìkò tí ọlọ́jà àti àgbẹ̀ lè wá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi hàn wá ohun tẹ́ ẹ yí padà nítorí ọ̀rọ̀ wa.

7/ A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Tiwa, wọ́n ti fá a tán, wọ́n wá gbé dígí fún wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ live ṣe níbi òde àríyá, ẹ gbé fóònù yẹn lọ sípàdé tó ń bọ̀. Ẹ tag kánsẹ́lọ̀ yín síbí.