Ẹ Má Fi Ìtìjú Ènìyàn Ṣe Ẹ̀fẹ̀ fún Mi Mọ́

Àbúrò mi ọkùnrin ni aláwàdà ilé wa, ọlọ́pàá sì ni. Bí a bá pé jọ fún ìkómọjáde tàbí òkú ṣíṣe, tí a jẹun tán, ẹnì kan á ní kó sọ ìtàn ọgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́. A ti mọ àwọn ìtàn náà lórí, síbẹ̀ a ó rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wa. Bí ọ̀gá wọn ṣe ní kó bẹ́rí fún igi máńgòrò bí ẹni ń bẹ́rí fún kọmíṣánnà, kó má sì sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí igi yóò fi dá a lóhùn. Bí wọ́n ṣe fi ariwo iná jí wọn ní aago méjì òru, tí àwọn géńdé ọkùnrin sáré bọ́ síta tàwọn ti pátá, tí kò sì sí iná níbì kankan. Bí ẹnì kan láàárín wọn ṣe tọ̀ sára lórí pápá nítorí pé ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mira, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Táǹkì títí wọ́n fi parí ẹ̀kọ́. Ti Táǹkì yìí la máa ń rẹ́rìn-ín sí jù.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìyẹn kí n tó bá ẹnikẹ́ni wí.

Lọ́dún tó kọjá, mo wà nínú ọkọ̀ èrò nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin kan tó di irun sọ̀kalẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan nínú báàgì rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan nínú fóònù rẹ̀. Wọ́n wá ní kó di etí mú, kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó máa kà á sókè. Nígbà tó dé ogún, ọ̀kan nínú wọn ní kó bẹ́rí fún táyà ọkọ̀ wọn, kó sì pè é ní "sà". Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan nínú ọkọ̀ wa náà rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Pálọ̀ bàbá mi ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Wọn ò bí irú ìwà yìí mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ́ ọlọ́pàá yẹn ni. Ẹnì kan ti mú un bẹ́rí fún igi rí, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ méjì níbẹ̀: pé ẹni tó bá lágbára lè sọ àgbàlagbà di ohun ìṣeré, àti pé bí wọ́n bá ti lè pè é ní ẹ̀fẹ̀, ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Oṣù mélòó kan ló fi kọ́ ọ. Ó lè fi ọdún 35 ṣe é fún wa.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní iṣẹ́ ọlọ́pàá kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ, pé ẹni tí kò lè fara da èébú ọ̀gá kò lè dúró níwájú olè. Mo gbà kí ẹ̀kọ́ náà le. Kí wọ́n sáré ní ìdájí, kí wọ́n tò lórí pápá títí ẹsẹ̀ yóò fi wú, kí wọ́n mọ ìbọn tú, kí wọ́n mọ̀ ọ́n tò. Ṣùgbọ́n kí ni igi máńgòrò kọ́ni nípa olè? Olè wo ni ìtọ̀ ara Táǹkì lé lọ?

Òfin kò tilẹ̀ fàyè gbà á. Abala 34 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní a kò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóró tàbí kí a hùwà àbùkù sí i. Kò sọ pé "àfi rìkúrúùtì". Òfin tó ta ko ìdálóró, ti ọdún 2017, sì ní ọ̀gá tó bá pàṣẹ ìdálóró jẹ̀bi bákan náà pẹ̀lú ẹni tó ṣe é.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, tẹlifíṣọ̀n Channels fi ìdọ̀tí àti ìbàjẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́pàá Ìkẹjà han aráyé. Ààrẹ Jonathan lọ wò ó fúnra rẹ̀, ìròyìn sì gbé e pé ó béèrè bí àwọn oníròyìn ṣe ráyè wọlé. Òrùlé àti bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo wa pariwo lé lórí nígbà náà. N kò rántí pé a bi ara wa léèrè ohun tí wọ́n ń fi ojú ènìyàn rí lábẹ́ òrùlé yẹn.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde lórí #EndSARS ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀kan nínú ohun márùn-ún tí wọ́n béèrè ni pé kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ọpọlọ àwọn ọlọ́pàá SARS, kí wọ́n sì tún wọn kọ́, kí wọ́n tó gbé wọn lọ síbòmíràn. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún wọn kọ́? Mo bi àbúrò mi pé Táǹkì ńkọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti di olùkọ́ níbẹ̀ o! Tí àwọn ọmọ yẹn bá rí i, gbígbọ̀n ni wọ́n ń gbọ̀n." Ó ń fi í yangàn.

Kí ọgbà ìdálẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tí rìkúrúùtì lè pè láìgba ọwọ́ olùkọ́ kankan kọjá. Kí ẹni tí yóò máa gbé e má jẹ́ ọlọ́pàá. Kí wọ́n sì gba iṣẹ́ ìkọ́ni lọ́wọ́ olùkọ́ tó bá sọ ènìyàn di yẹ̀yẹ́, kí wọ́n má kàn gbé e lọ sí ọgbà mìíràn. Mo sọ èyí fún àbúrò mi. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ká ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wà nígbà tiwọn, òun ì bá ti pè é lóru ọjọ́ kan. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ náà, kò sọ fún mi.