Ẹ̀RỌ KÒ LÈ ṢE ALÁBÀÁRÒ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá dá ọ̀dọ́ kan gúnlẹ̀, àwọn kan a ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Irọ́ ni! Ànọ́bì Yàkúbù sunkún Yùsúfù títí ojú rẹ̀ fi fọ́. Ta ni yóò pè é ní aláìnígbàgbọ́? Àìsàn ni, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì pàṣẹ pé kí ènìyàn wá ìwòsàn.

Àwọn mìíràn ní kọ̀ǹpútà ni kí ó máa bi aláìsàn léèrè, kí ó sì máa kọ́ ọ bí yóò ṣe tún èrò rẹ̀ ṣe. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dán an wò lọ́dọ̀ àwọn dókítà àdúgbò. Ìwádìí ọdún 2015 lórí aláìsàn 691 fi hàn pé kò fi ohun gidi kan kún ìtọ́jú dókítà. Púpọ̀ nínú wọn kò lò ó dópin. Ọkàn tó ti rẹ̀wẹ̀sì, báwo ni yóò ṣe dá jókòó ti ẹ̀rọ?

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ènìyàn ni wọ́n kọ́. Òṣìṣẹ́ ìlera 198, láti ilé ìwòsàn kéékèèké 68 ní ìjọba ìbílẹ̀ 8, kọ́ bí wọn yóò ṣe mọ irú àìsàn yìí, tí wọn yóò sì tọ́jú rẹ̀. Ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 2015 bákan náà. Àwọn wọ̀nyí gbọ́ èdè aláìsàn.

Irú wọn ni kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun béèrè lọ́wọ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dún. Kí wọ́n sì máa bẹ aláìsàn wò, nítorí ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí lórí Mùsùlùmí ni. Ẹ̀rọ lè ran oníṣègùn lọ́wọ́. Kò lè gba ipò rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fi òye yé gbogbo Mùsùlùmí. Àmín.