Ìgbéyàwó Létí Òkun: Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Láyé àtijọ́, bí ọmọbìnrin Issaba bá ń lọ sílé ọkọ, ilé bàbá rẹ̀ ni ìdílé méjèèjì ti ń pàdé. Lónìí, àṣà tuntun kan ti dé. Nínú àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ ní Kùtọnù, ní Èkó tàbí ní ilẹ̀ Faransé, àwọn kan fẹ́ ṣe ìgbéyàwó wọn létí òkun. Àwọn mìíràn ń lọ sí Wídà tàbí Grand-Popo, níbi tí iyanrìn àti igi àgbọn wà. Àwọn tí owó wọn pọ̀ ń wá erékùṣù lọ. Erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká. Erékùṣù ni Zanzibar, ní orílẹ̀-èdè Tanzania, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Erékùṣù ni Mauritius pẹ̀lú, ó tilẹ̀ jìnnà sí wa ju Zanzibar lọ. Níbẹ̀, ilé ìtura lè bá ènìyàn ṣètò ohun gbogbo: oúnjẹ, òdòdó, onílù, àní àti aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ará ibẹ̀.

Ṣé ohun búburú ni? Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Òkun dára ní wíwò, owó ọmọ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: ta ni ìgbéyàwó wà fún?

Mo mọ ìyá kan ní Issaba níbí. Epo pupa ni ó ń tà. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ ṣì kéré ni ó ti ra aṣọ kan, ó sì fi í pamọ́ sínú àpótí. Aṣọ náà ni yóò ró fún un ní ọjọ́ tí ó bá ń lọ sílé ọkọ. Ọmọ dàgbà, ó ríṣẹ́ sí òkè òkun, ó sì ṣe ìgbéyàwó rẹ̀ ní erékùṣù kan. Ó bẹ ìyá rẹ̀ kí ó wá. Ṣùgbọ́n ìyá kò ní ìwé ìrìnnà, ẹsẹ̀ sì ń dùn ún. Inú tẹlifóònù ni ó ti wo ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó rí i nínú aṣọ àwọn ará ibẹ̀. Ó rí àwọn onílù tí kò mọ orúkọ ìdílé wọn. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí wúre. Kí ó tó wúre tán, tẹlifóònù gé.

Ìyá náà kò bínú. Ó sọ fún mi pé, “Ọmọ mi rò pé òun fún mi ní ìsinmi ni.” Aṣọ náà ṣì wà nínú àpótí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àṣà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Nígbà tí a bá gbé obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ kalẹ̀, a ń fi wọ́n wúre fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá tọ́ oyin náà wò ti di ẹlẹ́rìí. Bí ìjà bá dé lọ́dún kẹta, àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí ni yóò jókòó láti parí rẹ̀. Onílù ilé ìtura kò ní wá.

Àṣà àwọn ará erékùṣù náà ní ìtumọ̀ fún àwọn tí wọ́n ni ín. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde rẹ̀ mọ́ àwọn ohun iyebíye àgbáyé. Àlejò lè wá wò ó, inú wa yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá sanwó kí ó lè gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lérí fún wákàtí kan, ǹjẹ́ ó ti mọ ìdí tí a fi ń bọlá fún àwọn ìyá wa? Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa nígbà tí a bá yá àṣà ẹlòmíràn wọ̀. Ìran ni a wò. A kò tí ì ṣe ìgbéyàwó.

Òfin pẹ̀lú wà. Òfin ẹbí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, sọ pé iwájú òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń kọ orúkọ sílẹ̀ ni a ti ń ṣe ìgbéyàwó tí òfin mọ̀. Kí ọkùnrin àti obìnrin ti pé ọdún 18, kí àwọn méjèèjì sì fẹ́ ara wọn tinútinú. Ijó létí òkun nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di tọkọtaya lójú òfin. Ẹ béèrè ní mẹ́rì kí ẹ tó san owó kankan.

Ṣùgbọ́n kí àwa àgbà má di ẹ̀bi ru ọmọ nìkan. Kí ni wọ́n ń sá fún? Ìwé ẹrù ìdána wa ti gùn jù. A ń béèrè aṣọ, ọtí, ẹran àti owó, a sì ń pe gbogbo ìlú wá jẹun. Ọ̀dọ́kùnrin kan sọ fún mi pé bí òun bá kó ènìyàn 10 lọ sétí òkun, owó rẹ̀ kò tó gbèsè tí òun yóò jẹ nílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fọ̀. Òfin ọdún 2004 kan náà sọ pé àmì lásán ni ìdána. Àmì kì í wúwo.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ ṣe ìdána nílé bàbá ìyàwó, kí ó mọ níwọ̀n, kí àwọn tí kò lè rìn lè wà níbẹ̀. Ẹ lọ sí mẹ́rì, ẹ fọwọ́ sí ìwé. Lẹ́yìn èyí, kí tọkọtaya lọ wo òkun bí ó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì kí àwọn ará ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò rere. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gé ìwé ẹrù yín kúrú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ka àwọn àgbà inú ìdílé yín: mélòó nínú wọn ni ó lè wọ ọkọ̀ òfuurufú?

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìyá kan lè ti tọ́jú aṣọ pamọ́ dè yín. Ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ró o fún yín.