Àmì Ẹ̀yẹ Ogun Hitler Kì í Ṣe Ohun Ọ̀ṣọ́

Àwọn baba wa ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ àwọn tó ń fowó gọbọi ra àmì ẹ̀yẹ àti báàjì ológun Jámánì ìgbà ayé Hitler. Irin lásán lojú ń rí, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀.

A ò ní purọ́, ìtàn ńlá wà níbẹ̀. Lọ́dún 1813 ni Friedrich Wilhelm Kẹta, ọba Prussia, dá àmì àgbélébùú onírin sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ń bá Napoleon jà. Owó ti wọ́n wọn nígbà náà, irin ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe wúrà. Ní September 1, 1939, ọjọ́ tí ogun rẹ̀ wọ Poland, Hitler sọ ọ́ jí, ó sì fi àmì swastika ẹgbẹ́ rẹ̀ sáàárín. Èyí tó kéré jù pọ̀ bí yanrìn, ó lé ní 2,000,000. Èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn, Knight's Cross, kò ju bíi 7,300 lọ. Òun làwọn olówó ń lé kiri.

Ibi tí òwò bá ti dùn, ayédèrú kì í jìnnà síbẹ̀. Irin dúdú ló wà láàárín èyí tó pọ̀ jù nínú ojúlówó, wọ́n wá fi etí fàdákà yí i ká. Mágínẹ́ẹ̀tì máa ń gbá a mú. Ṣùgbọ́n àwọn oníjìbìtì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, irin làwọn náà ń lò. Ìdí nìyí táwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún ológun náà pẹ̀lú àmì rẹ̀.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá. Lọ́dún 1937, ìjọba Hitler fipá gé nǹkan bí 400 ọmọ Jámánì lọ́mọ bíbí, torí pé bàbá wọn jẹ́ ọmọ ogun tí Faransé kó wá láti ilẹ̀ Áfíríkà àti ibòmíràn. Ní June 1940, ní Chasselay nítòsí Lyon, ológun Jámánì yìnbọn pa àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé 6,000,000 Júù tí wọ́n pa. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Àwọn Jámánì fúnra wọn mọ̀. Lọ́dún 1957 ni òfin gba àwọn ológun àtijọ́ láyè láti wọ àmì wọn, àfi kí swastika kúrò lára rẹ̀. Títí dòní, ẹni tó bá gbé swastika síta níbẹ̀ rúfin, àyàfi nítorí ẹ̀kọ́, ìwádìí tàbí iṣẹ́ ọnà.

A ò sọ pé kí wọ́n jó o níná. Ẹni tó bá fẹ́ kó o jọ, kó kó ìtàn rẹ̀ mọ́ ọn, kó sì máa sọ ọ́ fún ọmọ. Ẹni tó bá fi í ṣe ọ̀ṣọ́ sára kóòtù, ẹ̀jẹ̀ ló fi ṣọ̀ṣọ́.

Àwọn baba tiwa náà jagun Burma, nínú ẹgbẹ́ ogun 81 àti 82. Àmì tí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn kò ní orúkọ lára. Bó bá kúrò nínú ẹbí, kò sẹ́ni tó lè mọ oní-ǹkan mọ́. Bí ti bàbá yín bá wà nínú àpótí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sínú ìwé, kẹ́ ẹ fi í tì í. Ẹ má jẹ́ kọ́mọdé fi ṣeré, ẹ má sì tà á. Tiwa la kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Èrò tiwa nìyẹn o.